Ṣé obìnrin ti di olú-ẹ̀dá-ìtàn ní tòótọ́ nínú Assassin's Creed, àbí wọ́n kàn sún ìjókòó fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin?

Àbẹ̀kẹ́ni béèrè:

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi àti ẹ̀yin àbúrò mi tí a jọ ń ṣe eré yìí, mo kí yín o. Láti ọdún 2009 tí mo ti kọ́kọ́ fọwọ́ kan Assassin's Creed II, eré orí ẹ̀rọ tí ilé iṣẹ́ Ubisoft ṣe, ni mo ti ń bá ìtàn yìí bọ̀, n kò sì rò pé ìbéèrè kan ṣì kù nípa rẹ̀ tí yóò mú mi lanu tí n kò ní rí ọ̀rọ̀ sọ. Àfi ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá tí àbúrò mi obìnrin, ọmọ ogún ọdún, dé láti yunifásítì fún ìsinmi, tí ó bá mi níbi tí mo ti ń bẹ̀rẹ̀ Valhalla, ọ̀kan nínú àwọn eré náà, lọ́tun, tí ó sì jókòó tì mí.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe é mọ ibi tí eré náà ti máa ń dúró, tí yóò ní kí èèyàn yan ọ̀kan nínú mẹ́ta: Eivor ọkùnrin, Eivor obìnrin, tàbí kí a fi í sílẹ̀ fún Animus, ìyẹn ẹ̀rọ tí àwọn ará òde òní inú ìtàn náà fi ń wo ìrántí àwọn tó ti kú, kí ó bá wa yàn. Àbúrò mi wo ojú ẹ̀rọ títí, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n mi, èwo gan-an ni Eivor?" Mo ní èyí tó bá wù ú ni. Ó ní òun kò béèrè èyí tó wu òun. Ó ní ṣebí ìrántí òkú ni wọ́n ń wò, òkú náà kò sì lè ṣàì jẹ́ ọ̀kan nínú méjèèjì nígbà tó wà láyé.

Nígbà tí n kò rí èsì fún un, a bẹ̀rẹ̀ sí ka àwọn eré ńláńlá náà lórí ìka, láti orí Altaïr, olú-ẹ̀dá-ìtàn àkọ́kọ́, ní ọdún 2007 títí dé Shadows ọdún 2025. Mẹ́rìnlá ni a kà. Kò sí ìkankan nínú wọn tí obìnrin nìkan ti jẹ́ olú-ẹ̀dá-ìtàn. Ọkùnrin nìkan ló gba mẹ́wàá, bí a bá ka Origins mọ́ ti Bayek, ọkùnrin inú rẹ̀. Nínú mẹ́rin tó kù, ẹ óò rí obìnrin lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọkùnrin kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ tí èèyàn lè yàn dípò rẹ̀ tàbí tí ó ń bá a pín iṣẹ́ ṣe. Inú àwọn ẹ̀dà kéékèèké nìkan ni a ti rí obìnrin tó dá dúró, ìyẹn Aveline inú Liberation ní ọdún 2012 àti Shao Jun ní ọdún 2015.

Ìbéèrè mi wá di méjì. Ṣé ìtẹ̀síwájú ni yíyàn tí wọ́n ń fún wa yìí, àbí ọgbọ́n láti máà gbé obìnrin síwájú? Àti pé èwo nínú wọn ni kí ọmọdébìnrin tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lónìí fi bẹ̀rẹ̀?

Bàbá Ìbejì fèsì:

Àbẹ̀kẹ́ni, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá àbúrò yín lóhùn, nítorí ìbéèrè ọmọ náà dáa ju èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti béèrè lọ. Obìnrin ni Eivor. Òkú obìnrin ni Layla, ará òde òní inú ìtàn náà, àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ń wo ìrántí rẹ̀. Ọkùnrin tó ń yọjú níbẹ̀, Odin ni, òrìṣà àwọn ará àríwá Yúróòpù àtijọ́, ẹni tí wọ́n ní ohun kan lára rẹ̀ tún ayé wá nínú Eivor. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá fi yíyàn sílẹ̀ fún Animus yóò rí obìnrin jálẹ̀ ìtàn, àfi nígbà tí ìran bá gbé e lọ sí Asgard, ìlú àwọn òrìṣà náà, tí ó sì di ọkùnrin. Ẹ wò ó, wọ́n ní ìdáhùn lọ́wọ́, ìdáhùn náà sì gún régé, ṣùgbọ́n abẹ́ yíyàn kẹta ni wọ́n fi í sí, wọ́n sì gbé ọkùnrin onírùngbọ̀n sí iwájú páálí tí wọ́n fi ń ta eré náà.

Èmi ò gbà pé àìmọ̀ ló ń ṣe wọ́n. Ẹ padà sí Assassin's Creed II tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ rántí iyàrá abẹ́ ilẹ̀ tó wà nílé àwọn Auditore ní Monteriggioni, níbi tí ère àwọn akọni méje dúró sí? Ọ̀kan nínú wọn ni Amunet, obìnrin ará Íjíbítì tí wọ́n ní ó fi ejò pa Cleopatra. Ní ọdún 2009 ni wọ́n ti gbẹ́ ère yẹn, tí Ezio, olú-ẹ̀dá-ìtàn eré náà, ń gba iwájú rẹ̀ kọjá. Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà ni Origins wá fi yé wa pé Aya, ìyàwó Bayek, ni obìnrin náà, pé òun àti ọkọ rẹ̀ ni wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn apààyàn abẹ́lẹ̀, tí gbogbo eré yìí dá lé lórí, sílẹ̀. Síbẹ̀, Bayek ni à ń darí fún ọgọ́rùn-ún wákàtí tí a fi ń rìn káàkiri aṣálẹ̀, tí Aya ń rí iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ gbà, pàápàá lórí omi. Ẹni tí wọ́n ti gbẹ́ ère fún kí wọ́n tó kọ ìtàn rẹ̀ wá di àlejò nínú ìtàn ara rẹ̀.

Ní ti ibi tí àbúrò yín yóò ti bẹ̀rẹ̀, Liberation ni kí ó lọ mú. Orí PS Vita ni ó kọ́kọ́ jáde sí ní oṣù Kẹwàá ọdún 2012, ọjọ́ kan náà pẹ̀lú Assassin's Creed III. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2014 ni wọ́n tún un ṣe fún àwọn ẹ̀rọ ńlá àti kọ̀ǹpútà. New Orleans ni, láti ọdún 1765 lọ, nígbà tí ìlú náà ń ti ọwọ́ Faransé bọ́ sí ọwọ́ Sípéènì. Bàbá Aveline jẹ́ oníṣòwò ará Faransé, ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Áfíríkà tí wọ́n mú lẹ́rú. Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni aṣọ. Aṣọ mẹ́ta ni Aveline ní, ó sì ń wọ iyàrá ìmúra láàárín ìlú lọ pààrọ̀ wọn. Bí ó bá wọ aṣọ ìyáàfin, àwọn ẹ̀ṣọ́ yóò máa kí i, yóò sì lè fi ẹnu dídùn àti owó ṣí ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n kò lè gun ògiri rárá, agbòòrùn rẹ̀ ló sì fi ń ta ọfà olóró. Bí ó bá wọ aṣọ ẹrú, ó lè gbé àpótí lérí tàbí kí ó mú ìgbálẹ̀, kí ó gba iwájú wọn wọlé láìsí ẹni tí yóò wo ojú rẹ̀, nítorí pé ní ilé olówó ìgbà yẹn, ta ni ń wo ojú ẹrú? Aṣọ jagunjagun nìkan ni ó fi ń jà bó ṣe wù ú, ìyẹn náà sì ni gbogbo ìlú ń fura sí. Ẹ kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún yín bí ayé ṣe ń wo obìnrin aláwọ̀ dúdú ní ìlú yẹn, ọwọ́ yín lórí pádì ni yóò sọ ọ́ fún yín.

Jill Murray àti Richard Farrese ni wọ́n kọ ọ́. Murray yìí náà ló kọ Freedom Cry lọ́dún 2013, èyí tí Adéwálé tiwa, tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ Yorùbá pọ́ńbélé, jẹ́ olú-ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀. Ní Port-au-Prince, Bastienne Josèphe, obìnrin tó ní ilé aṣẹ́wó, ni Adéwálé ń gba ìròyìn àti iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, obìnrin náà ló sì mọ ọ̀nà àwọn ẹrú tó sá lọ sínú igbó. Mo kàn ní kí n dárúkọ rẹ̀ ni, nítorí a kì í sábà rántí rẹ̀ nígbà tí a bá ń ka àwọn obìnrin inú eré yìí.

Alágọ̀ fèsì:

Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Ìbejì. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má gbàgbé ọdún 2014. Ní oṣù Kẹfà ọdún náà, ní Los Angeles níbi tí wọ́n ti ń fi Unity, èyí tó fẹ́ jáde lọ́dún náà, hàn, wọ́n bi àwọn tó ṣe é pé kí ló dé tí ènìyàn mẹ́rin fi lè jọ ṣeré pọ̀ tí obìnrin kan kò sí nínú wọn. Alex Amancio, tó jẹ́ olùdarí rẹ̀, ní àwọn ti gbèrò rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà yóò di ìlọ́po méjì. Bruno St-André, ọ̀kan lára àwọn tó ya àgbékalẹ̀ ibi eré, ní ó lé ní 8,000 ìrìn àti ìṣesí tí àwọn yóò tún ṣe. Kò pẹ́ tí Jonathan Cooper, tó ti darí iṣẹ́ ìrìn fún Assassin's Creed III rí, fi sọ pé iṣẹ́ ọjọ́ kan sí méjì ni lójú tòun. Ó tún ní ìrìn Aveline sún mọ́ ti Connor, olú-ẹ̀dá-ìtàn Assassin's Creed III, ju bí ti Edward inú Black Flag ṣe sún mọ́ ọn lọ, bẹ́ẹ̀ ọkùnrin ni Connor àti Edward méjèèjì.

Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni pé òótọ́ lè wà lẹ́nu àwọn méjèèjì, nítorí iṣẹ́ yìí ni mo ń jẹ lójoojúmọ́ ní Èkó, ọdún keje rèé. Ara tí ẹ ń wò lójú ẹ̀rọ, agọ̀ lásán ni. Ìrìn tó wà nínú rẹ̀ ni ẹni tó gbé agọ̀. Òṣèré kan yóò wọ aṣọ tó fún mọ́ ara, a óò lẹ bọ́ọ̀lù kéékèèké mọ́ oríkèé rẹ̀, kámẹ́rà púpọ̀ yóò yí i ká, a óò sì gba ìrìn rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni a óò wá gbé ìrìn náà wọ egungun tí a fi kọ̀ǹpútà tò. Bí egungun méjì bá ga bákan náà, tí apá wọn gùn bákan náà, ìrìn kan lè gbé agọ̀ méjì pẹ̀lú àtúnṣe díẹ̀. Ohun tí Cooper ń sọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí o bá ní ìwọ yóò tún gbogbo rẹ̀ gbà láti ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú obìnrin, nígbà tí ọjọ́ tí eré yóò jáde ti wọlé, 8,000 náà kò jẹ́ irọ́. Ọjọ́ tí wọ́n ti ronú kan obìnrin náà ni ọ̀rọ̀ wà. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, a óò tò egungun tí yóò gba àwọn méjèèjì. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn, owó gọbọi ni.

Àwáwí mìíràn tí wọ́n ṣe nígbà yẹn ni pé nínú eré alájọṣe Unity, ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣe é yóò rí ara rẹ̀ bí Arno, olú-ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀, àwọn yòókù nìkan ni yóò máa rí i bí ẹlòmíràn. Èmi kò rí bí ìyẹn ṣe dí obìnrin lọ́nà, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ojú ẹlòmíràn náà ni wọ́n ń yí padà. Ní ọdún 2010, nínú Brotherhood, a ti ń fi Courtesan, ẹ̀dá obìnrin kan, bá ara wa jà lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

N kò sọ pé ìrìn kan náà ló yẹ gbogbo èèyàn o. Nígbà kan, a ṣe ìpolówó ọjà fún oníbàárà kan, ìyá ọlọ́jà tó gbé igbá sórí tó ń bọ̀ láti ọjà. Àkókò kò tó, mo bá gbé ìrìn ọkùnrin tí mo ti ní nílẹ̀ wọ̀ ọ́. Oníbàárà wò ó lẹ́ẹ̀kan péré, ó ní: "Ìyá yìí ń rìn bí ẹni tó ń lọ bá ẹnìkan jà." Òótọ́ ló sọ: èjìká ló ń fi rìn, ọrùn rẹ̀ kò sì dúró bí ọrùn ẹni tó gbẹ́rù. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi tún ọrùn àti ìbàdí ṣe. Nítorí náà, obìnrin tí a fún ní ìrìn tirẹ̀ máa ń hàn. Ẹ wo Evie àti Jacob Frye, ìbejì inú Syndicate, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nígbà tí wọ́n bá ń jà, ẹ óò rí i pé wọn kò lò wọ́n bí agọ̀ méjì fún ẹnìkan.

Gbọ́láhàn Onísùúrù fèsì:

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n dúró sí ọ̀dọ̀ kejì díẹ̀, kí ẹ má sì tìtorí rẹ̀ bínú sí mi.

Èmi àti ìyàwó mi jọ ra Odyssey, níbi tí èèyàn ti ń yan ọ̀kan nínú ọmọ ìyá méjì, ọkùnrin àti obìnrin. Mo mú Alexios, ó mú Kassandra, orí ẹ̀rọ kan náà la ti ń ṣe é, tí ẹnì kan bá ti sùn ni èkejì á gba pádì. Ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì ń sọ, láti ẹnu òṣèré méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, Michael Antonakos àti Melissanthi Mahut, bẹ́ẹ̀ ni èyí tí a kò bá yàn yóò di Deimos, ọ̀tá wa. Ìdùnnú ńlá ni ó jẹ́ fún wa láti máa jiyàn nídìí oúnjẹ àárọ̀ lórí ẹni tó jẹ́ ọ̀tá gan-an. Kí ni aburú tó wà níbẹ̀?

Ẹ tún ro èdè tiwa. "Ó" la ń pe ọkùnrin, "ó" la ń pe obìnrin. Bí a bá kọ ìtàn Odyssey ní Yorùbá láti òkè délẹ̀, tí a yọ orúkọ kúrò, ó lè dé òpin kí òǹkàwé tó mọ̀ bóyá akọ ni tàbí abo. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni èdè wa ń béèrè lọ́wọ́ èèyàn kí ó tó béèrè ìyẹn. Nínú eré náà gan-an, "misthios", ìyẹn jagunjagun tí a ń háyà, ni gbogbo ayé ń pe àwọn méjèèjì. Bàbá Ìbejì gbóríyìn fún aṣọ mẹ́ta Aveline, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí ló dé tó fi jẹ́ pé bí a bá fẹ́ kọ obìnrin dáadáa, ìyà rẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ kọ? Ìyàwó mi ní ohun tó dùn mọ́ òun jù nínú Odyssey ni pé Kassandra lọ sí Olympia, ó wọ agbo ìjàkadì, ó lu àwọn géńdé níbẹ̀, ìtàn sì ń lọ. Ní ayé Gíríìsì àtijọ́, wọn kì í jẹ́ kí obìnrin díje níbẹ̀. Ó ní òun mọ̀, òun kò kàn fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́yìn iṣẹ́ oòjọ́ ni.

Ní ti páálí, oníṣòwò ni wọ́n. Ohun tí wọ́n bá rò pé yóò tà ni wọn yóò gbé síwájú.

Dúpẹ́ ará Southwark fèsì:

Ẹ̀gbọ́n Gbọ́láhàn, mo gba ti ìyàwó yín tọwọ́tẹsẹ̀, mi ò sì ní fi ìgbádùn rẹ̀ du ú. Ṣùgbọ́n "ohun tí wọ́n bá rò pé yóò tà" yìí gan-an ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí.

Ní oṣù Keje ọdún 2020, ilé ìròyìn Bloomberg gbé ìròyìn kan jáde láti ẹnu àwọn tó ti ṣiṣẹ́ ní Ubisoft. Wọ́n ní Kassandra nìkan ni Odyssey jẹ́ tirẹ̀ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbèrò rẹ̀. Pé ní Origins, ó yẹ kí Bayek tètè kú tàbí kí nǹkan ṣe é kí Aya sì gba ìtàn. Pé ní Syndicate, dọ́gbadọ́gba ni ìbejì náà yẹ kí ó ní ìtàn. Àwọn ọ̀gá òkè, àti ẹ̀ka ìpolówó, ló ní obìnrin kì í tà. Serge Hascoët, tó wà nípò tó ń fọwọ́ sí gbogbo eré wọn nígbà náà, kúrò níbẹ̀ nínú oṣù kan náà, láàárín ẹ̀sùn nípa bí wọ́n ṣe ń hùwà sí àwọn obìnrin òṣìṣẹ́. Nítorí náà, kì í ṣe pé wọ́n fún wa ní obìnrin kún ọkùnrin. Obìnrin ló kọ́kọ́ wà nínú ilé. Wọ́n wá mú ọkùnrin wọlé gẹ́gẹ́ bí onídùúró, bí ọjà rẹ̀ kò bá wá lọ.

Irú ọjà wo ni wọ́n fi mọ̀ pé kì í tà? Liberation bọ́ sórí ẹ̀rọ kékeré tí ènìyàn kò rà púpọ̀. Shao Jun bọ́ sínú eré kékeré tí a ń wò láti ẹ̀gbẹ́. Èèyàn kì í gbé ọjà sí ẹ̀yìnkùlé kí ó wá máa ráhùn pé oníbàárà kò wá.

Ní ti Evie, ọ̀rọ̀ tèmi ni. London ọdún 1868 ni Syndicate, Southwark sì wà lára àwọn àdúgbò tó wà nínú rẹ̀. Mo ń gbé ní Southwark. Mo máa ń mú Evie gun òrùlé ilé iṣẹ́ wò, kí n wò ó bóyá mo lè mọ ibi tí ọjà tí mo ti ń ra ata rodo yóò wà lọ́jọ́ iwájú. Evie ni ó máa ń kàwé, tó ń wá ohun tí ẹgbẹ́ wọn wá dé ìlú. Jacob ń kó ìpàǹpá jọ, ó ń da ìlú rú, Evie sì ń tún un ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní ọgbọ́n kan tí Jacob kò ní: bí ó bá dúró láìmira, yóò pòórá lójú ọ̀tá. Ẹ̀ṣọ́ kan wà ní ẹsẹ̀ mẹ́ta sí iwájú rẹ̀, kò rí i, ó gba ibẹ̀ kọjá, ó ń súfèé. Àmọ́ ẹ wo páálí: Jacob ló jókòó sí àárín gbùngbùn, Evie wà lẹ́yìn. Àsìkò tí wọ́n fún un ní ìtàn gẹ́gẹ́ bí òun ni olú-ẹ̀dá, inú àfikún Jack the Ripper ni, nígbà tó ti di ogún ọdún lẹ́yìn náà, tí Jacob sì ti sọnù. Ẹ̀gbọ́n ọkùnrin gbọ́dọ̀ sọnù kí ààyè tó ṣí.

Bàbá Ìbejì fèsì:

Dúpẹ́, ọmọ mi, ẹ dúró ná. Ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kọ́ o! Evie fi ìṣẹ́jú mẹ́rin ṣáájú Jacob dé ayé, ó sì ń rán an létí. Ṣùgbọ́n nílé tiwa, ẹ ti ṣe àṣìṣe tó yọrí sí òótọ́. Evie ni Táyé, Jacob ni Kẹ́hìndé, Kẹ́hìndé sì ni ẹ̀gbọ́n. Òun ló rán Táyé pé kí ó lọ tọ́ ayé wò. Mo ní méjì nílé, akọ kan abo kan, abo ló kọ́kọ́ jáde, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń ja ìjà yìí níwájú mi. Bí ẹ bá fi ojú yẹn wo Syndicate, ẹ óò rí i pé iṣẹ́ Táyé gan-an ni Evie ń ṣe: òun ni a rán lọ wo ibi tó dára, Jacob ń jókòó ti oúnjẹ. Ẹ dárí jì mí, mo ti yà kúrò lójú ọ̀nà.

Gbọ́láhàn, ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ nípa ìyà wọ̀ mí lára. Bóyá mo ń fẹ́ kí obìnrin fi ìnira sanwó kí n tó gbà pé ìtàn rẹ̀ jinlẹ̀. Mo máa ro ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún mi, kí ni ìyàwó yín wí nígbà tí Legacy of the First Blade, àfikún Odyssey, dé?

Gbọ́láhàn Onísùúrù fèsì:

Bàbá, ẹ ti fọwọ́ kan egbò. Inú bí i gidigidi. Fún oṣù mélòó kan ni wọ́n ti ń sọ fún wa pé ẹni tó bá wù wá ni kí a fẹ́. Kassandra tirẹ̀ kò fẹ́ ọkùnrin kankan, àwọn obìnrin nìkan ni ó ń bá sọ̀rọ̀ ìfẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ṣe láti Kephallonia títí dé òpin ìtàn. Nígbà tí apá kejì àfikún náà jáde ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2019, láìbéèrè lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n mú Kassandra bá Natakas gbélé, ó bímọ fún un, kí ìran rẹ̀ má bàa parun. Wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún Alexios tèmi náà pẹ̀lú obìnrin kan, kò sì dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n kò dùn mí tó ti ìyàwó mi. Ó gbé pádì kalẹ̀, ó ní: "Kódà nínú eré, wọ́n ti bá mi mú ọkọ." Ilé iṣẹ́ náà tọrọ àforíjì, wọ́n sì yí díẹ̀ padà, ṣùgbọ́n ọmọ ṣì wà nínú ìtàn.

Mo ti rí i nísinsìnyí pé "ó" tí mo ń yìn ṣiṣẹ́ títí di ìgbà tí wọ́n nílò ilé ọmọ.

Akin Ìjẹ̀bú fèsì:

Ẹ̀yin àgbà ti sọ èyí tó pọ̀ jù. Tèmi kò gùn. Àwọn òṣìṣẹ́ Ubisoft ní Québec tó ṣe Syndicate àti Odyssey náà ló ṣe Shadows, èyí tó jáde ní 20 oṣù Kẹta ọdún 2025, mo sì rò pé wọ́n ti rí nǹkan kọ́. Naoe, ọmọbìnrin ará Iga ní Japan, àti Yasuke, ọmọ Áfíríkà tó sin Oda Nobunaga, olórí ogun kan níbẹ̀, ní ti ìtàn gidi, kì í ṣe agọ̀ méjì fún ẹnìkan, bí Alágọ̀ ṣe wí. Naoe lè dùbúlẹ̀ kí ó fi ikùn wọ́ lábẹ́ ilé, ó lè pa fìtílà kí iyàrá ṣú kó tó wọlé, ṣùgbọ́n bí ẹ̀ṣọ́ méjì bá ká a mọ́, kò ní pẹ́ kú. Yasuke lè fi èjìká wó ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ògiri tí Naoe gùn bí ológbò, yóò kàn máa wò ó láti ìsàlẹ̀ ni. Ìgbà tí ó sì bá bẹ́ láti orí òkè sínú koríko, ẹ óò rẹ́rìn-ín. Ọ̀pọ̀ wákàtí àkọ́kọ́ ni Naoe nìkan ní. Àríwò tí wọ́n pa lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ó tó jáde, orí Yasuke ló dá lé jù, obìnrin náà sì gba abẹ́ rẹ̀ kọjá láìsí ẹni tó ké mọ́ ọn. Mi ò mọ̀ bóyá kí n yọ̀ sí ìyẹn tàbí kí n bínú.

Síbẹ̀, ọkùnrin kan ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Iye tí ẹ kà lórí ìka kò tíì yí padà, Àbẹ̀kẹ́ni.

Àbẹ̀kẹ́ni fèsì:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, pàápàá Bàbá Ìbejì. Mo ka èsì yín sí etí àbúrò mi. Nígbà tó gbọ́ pé obìnrin ni Eivor, ó ní òun ti mọ̀, pé bí ó bá jẹ́ ọkùnrin ni, wọn kì bá ti fi ìbéèrè síbẹ̀ rárá.

Liberation ló yàn. Àná ló bẹ̀rẹ̀. Ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, mo wà ní kíṣìnnì, mo ń gbọ́ bí ó ṣe ń tẹ bọ́tìnnì kan náà léraléra. Mo yọjú, mo rí Aveline nínú aṣọ ìyáàfin, pẹ̀lú agbòòrùn rẹ̀, ó dúró níwájú ògiri kan tí kò ga ju èjìká rẹ̀ lọ, àwọn ẹ̀ṣọ́ méjì sì ń wò ó. Àbúrò mi kò yíjú. Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n mi, kò gun ògiri yìí o. Ó dà bíi pé pádì yín ti bàjẹ́." Mo ní pádì kò bàjẹ́. Ó tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó wo aṣọ náà láti òkè délẹ̀, ó pòṣé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí wá iyàrá ìmúra lórí àwòrán ìlú.